Ìdáhùn Nìkan Kò Tó: Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun Máa Kọ Ẹ̀rí

Ẹni tó bá gba Òkè-Fíà lọ sí Ọláìyá ní Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí pátákó àwọn ilé lẹ́sìnnì tó ń ṣèlérí fún òbí pé ọmọ wọn yóò gba máàkì tó jọjú nínú ìdánwò JAMB àti WAEC. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni ìyára: bí a ṣe ń fo ìbéèrè tó le, àti bí a ṣe ń fi A, B, C àti D dán ìbéèrè wò títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. A kò bá wọn wí, torí ohun tí ìdánwò ń bèèrè ni wọ́n ń tà. Ìbéèrè 40 ni JAMB ń béèrè nínú ìṣirò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí àyè kankan níbẹ̀ tí ọmọ ti lè kọ ìdí tí ìdáhùn rẹ̀ fi jẹ́ òótọ́. Abala kìíní ìdánwò ìṣirò WAEC náà jẹ́ ìbéèrè 50 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn mú ìdáhùn nínú mẹ́rin. Abala kejì, tó gba wákàtí méjì àbọ̀, nìkan ni ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí ó ṣe rìn ín. Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ sì kéde pé òun fẹ́ kí ìdánwò WAEC àti NECO kúrò lórí ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ní èrò tiwa, àsìkò nìyí tí ó yẹ kí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pa á láṣẹ pé, láti kíláàsì SS1 lọ, kò gbọdọ̀ sí ìdánwò ìṣirò ìparí táàmù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ ẹ̀rí kan, ó kéré tán, nínú rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ ní gbólóhùn tó pé, láti orí ohun tí a fún un títí dé orí ohun tí a ní kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì lórí bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe gbé èyí tó tẹ̀ lé e ró.

Àpẹẹrẹ rẹpẹtẹ kì í ṣe ẹ̀rí, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ẹ sọ fún ọmọ SS2 pé kí ó mú nọ́ńbà méjì tí ó máa ń ṣẹ́ku ẹyọ kan bí a bá pín wọn sí méjì, irú bí 3, 5 àti 7, kí ó sì fi hàn pé bí a bá ro irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, àpapọ̀ wọn yóò pín sí méjì láìṣẹ́kù. Yóò kọ 3 + 5 = 8. Yóò kọ 7 + 9 = 16. Bí ó bá jẹ́ aláápọn, yóò kọ 21 + 33 = 54, yóò fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé òun ti fi hàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé nọ́ńbà mẹ́fà kò já a kulẹ̀.

Ṣé àpẹẹrẹ kì í já ni kulẹ̀ ni? Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi nọ́ńbà náà kún un, lẹ́yìn náà kí ẹ fi 41 lé e. Bí ẹ bá fi 0 bẹ̀rẹ̀, 41 ni ẹ ó rí. 1 yóò fún yín ní 43, 2 yóò fún yín ní 47, 3 yóò fún yín ní 53. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ohunkóhun lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí ẹ ó fi fi 39 dán an wò, tí ẹ ó rí 1601. Ìgbà 40 gbáko ni àpẹẹrẹ ti gbè yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi 40 sí i, 1681 ni yóò jáde, 41 lọ́nà 41 sì ni 1681. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ti kọ̀wé nípa ìṣirò yìí láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, a kò sì rí ohun tó dára jù ú lọ láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀rí ní kíláàsì, torí pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀. Fún ìdí kan náà ni ohun tí Euler àti Christian Goldbach, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, jọ kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ara wọn ní ọdún 1742, pé gbogbo nọ́ńbà tó pín sí méjì láìṣẹ́kù tó sì ju 2 lọ jẹ́ àpapọ̀ nọ́ńbà méjì irú èyí tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò tíì di òfin ìṣirò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò títí dé bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́nà bílíọ̀nù kan láìrí ibi tí ó ti kùnà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ SS2 wa. Ohun tí a fẹ́ kí ó kọ kò gùn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà kan pẹ̀lú ẹyọ kan, nítorí náà a lè kọ ọ́ ní 2a + 1. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀, a ó kọ ọ́ ní 2b + 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2a + 2b + 2, èyí tí í ṣe 2(a + b + 1), nítorí náà ó pín sí méjì láìṣẹ́kù. Ó tán. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti máàkì irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kọ 2a + 1 fún nọ́ńbà méjèèjì, tí wọn yóò rí 4a + 2, tí wọn yóò sì sọ pé ó pín sí méjì. Ó pín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ni ọmọ yìí rò pọ̀ mọ́ ara rẹ̀: ó ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún 3 + 3 àti 5 + 5, kò tíì sọ nǹkan kan nípa 3 + 5. Olùkọ́ tó bá kàn wo ìlà tó gbẹ̀yìn yóò fún un ní máàkì tó pé, ìdánwò A, B, C, D kò sì lè rí àṣìṣe náà láéláé. Inú ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ni ìmọ̀ náà wà, ọ̀rọ̀ àárín yẹn ni àwọn ilé-ìwé wa kò sì kà sí mọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀ jù ú lọ: kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ní kí ó fi hàn, kí ó máa tún un ṣe títí yóò fi kan ohun tó jẹ́ òótọ́, kí ó wá sọ pé òun ti parí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé −3 = 3. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò di 9 = 9. Òótọ́ ni pé 9 bá 9 dọ́gba, ìyẹn kò sì sọ irọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ di òótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo olùkọ́ ìṣirò ní Òṣogbo ló ń fi ìlà méjì yìí han àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ SS1, wàhálà púpọ̀ ni ìbá ti dín kù.

Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ wa kò pé. Ìyá tó ń ra tòmátì ní Ọjà-Ọba, tí oníṣòwò sọ fún un pé gbogbo tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ ló dára, mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹrà ti tó láti fi já ọ̀rọ̀ náà. Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe bàjẹ́. Ọmọ tó bá a lọ sọ́jà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára" àti "gbogbo rẹ̀ ni kò dára". Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé kíláàsì, tí a sọ fún un pé kí ó kọ òdì gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gbogbo", irú èkejì yìí, tí kì í ṣe òdì rẹ̀, ni yóò kọ. Bákan náà ni ó mọ̀ pé nọ́ńbà tó bá pín sí mẹ́rin yóò pín sí méjì, tí yóò sì yí i padà, pé èyí tó pín sí méjì yóò pín sí mẹ́rin, láìronú pé 6 wà níbẹ̀ tó pín sí méjì tí kò pín sí mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ nípa gbólóhùn òótọ́ àti ti irọ́, òdì gbólóhùn, àti "bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn yóò rí bẹ́ẹ̀" wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìṣirò WAEC. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan máa kọ́ wọn bí ohun tí wọn yóò máa lò nínú gbogbo ìṣirò yòókù, kì í ṣe bí orí kan tí a ń sáré kà lẹ́yìn tí a bá ti parí àwọn tó kù.

Nítorí náà, a fara mọ́ ọn pé kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́nu ní Yorùbá kí ó tó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ ló yẹ kí a máa bá ṣe àríyànjiyàn lórí èyí. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, pé kíka ẹ̀rí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà sí ìlà yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi sọ ẹ̀rí kan ṣoṣo, tí kò ní ju gbólóhùn mẹ́fà tàbí méje lọ. Wọn yóò tún ní JAMB kì í béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú abala kejì WAEC, máàkì wà fún ọ̀nà tí ọmọ gbà, yàtọ̀ sí ti ìdáhùn. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ kò ní pàdánù gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó ṣi ìró kan rò. Lẹ́yìn JAMB ńkọ́? Ọmọ tó bá wọ yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yóò bá ẹ̀kọ́ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní MTH 101 pàdé ní ọdún kìíní, níbi tí wọn yóò ti ní kí ó fi hàn pé ohun kan jẹ́ òótọ́ fún gbogbo nọ́ńbà, nípa fífi hàn pé ó jẹ́ òótọ́ fún àkọ́kọ́ àti pé bí ó bá ti jẹ́ òótọ́ fún ọ̀kan, yóò jẹ́ òótọ́ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ ẹ̀rí. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí Chike Obi ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Cambridge láti ọdún 1950, tí Adégòkè Olubummo, ọmọ Ọrin-Èkìtì, sì tẹ̀ lé e láìpẹ́ ọjọ́.

Àtakò tó wúwo jù lójú wa ni pé bí ẹ̀rí bá di ohun tí a ń fún ní máàkì, àkọ́sórí ni yóò dà. Àwọn tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá láyé àtijọ́ lè rántí bí a ṣe ń há ẹ̀rí onígun mẹ́ta sórí bí ẹni há ewì, tí ọmọ yóò sì daamú bí olùkọ́ bá kàn pa lẹ́tà tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan dà. Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ má ṣe fún wọn ní ìwé ẹ̀rí 50 láti há sórí. Kí ìbéèrè náà jẹ́ èyí tí ọmọ kò rí rí, kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ pé ní ìgbà mìíràn a ó fún un ní ẹ̀rí tó ti bàjẹ́, pé kí ó wá ìlà tó bàjẹ́ náà, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ńlá pàápàá ń gba irú àyẹ̀wò yìí. Nígbà tí Andrew Wiles, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ní Cambridge ní oṣù Kẹfà ọdún 1993 pé òun ti rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ kan tí Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, sọ láìfi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1637, àwọn tó ń kà á ní ìlà sí ìlà rí ibi kan tí kò so kọ́ra. Ó di ọdún 1994 kí òun àti Richard Taylor tó rí i tún ṣe, ọdún 1995 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní àkókò tí ọmọ lè ní kí ChatGPT bá òun kọ ẹ̀rí tó dùn-ún kà láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú tó lè rí irú ibi tí kò so kọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọwọ́ tó yára kọ ọ́ lọ.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ní Abéré, ibùjókòó ìjọba Ọ̀ṣun, kò gba ilé tuntun tàbí kọ̀ǹpútà tuntun. Kí wọ́n yan máàkì 10 nínú 100 fún ìbéèrè yìí. Kí àwọn olùkọ́ ìṣirò ilé-ìwé tó wà nítòsí ara wọn pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan láti jọ ti máàkì, kí ẹni tó wà ní Òkè-Báálẹ̀ àti ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun lè fi ojú kan náà wo 4a + 2. Kí àwọn ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì tó wà nílùú yìí, tí wọ́n máa ń ráhùn pé àwọn ọmọ ọdún kìíní kò mọ nǹkan, fi olùkọ́ kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí ìpàdé náà, kí wọ́n sì bá ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ ìbéèrè àwòkọ́ṣe ogún, mẹ́wàá nínú rẹ̀ ní ẹ̀rí tó bàjẹ́, kí ó lè dé ọwọ́ olùkọ́ kí ilé-ìwé tó wọlé fún táàmù kìíní ní oṣù Kẹsàn-án.