Kì í ṣe dandan kí ẹ lo ilé-iṣẹ́ tí ajẹ́ńtì ilé bá mú wá

"Ẹni tó ni ilé ló ni àṣẹ." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra ilé ní Amẹ́ríkà gbà gbọ́ nìyẹn. Òun ló ń mú kí wọ́n dákẹ́ nígbà tí ajẹ́ńtì bá ní ọ̀dọ̀ ayánilówó báyìí ni kí wọ́n ti yáwó, pé ilé-iṣẹ́ báyìí ló máa ṣe adójútòfò ìwé ilé wọn (èyí tó ń gbà wọ́n bí ẹlòmíì bá yọjú pé òun ló nilé), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gbàgbé ilé náà. Irọ́ ni, owó ńlá sì ni irọ́ náà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Láti ọdún 1974 ni òfin àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní RESPA ti wà, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀yáwó ilé gbígbé ló sì kàn. Abala 9 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń ta ilé kò gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan pàtó ni kí ẹ ti ra adójútòfò ìwé ilé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ló máa san fún yín. Bó bá jẹ́ àpò ara rẹ̀ ló ti san án, ìyẹn yàtọ̀.

Kí ló ń mú ajẹ́ńtì rin kinkin? Nígbà míì, owó ẹ̀yìn ni. Abala 8 ka owó ẹ̀yìn lórí oníbàárà tí wọ́n darí síbì kan sí ẹ̀ṣẹ̀: ìtanràn rẹ̀ lè tó $10,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 1. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ajẹ́ńtì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń polówó. Òfin gba ìyẹn láàyè, bó bá ṣáà ti fi ìwé jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, tí kò sọ ọ́ di dandan, tí kò sì jẹ ju èrè ìpín rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Nínú àpẹẹrẹ tí ìjọba gbé jáde, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ "NOT" síbi tó ti sọ pé kò pọn dandan kí ẹ lo ilé-iṣẹ́ náà.

Síso ọjà mọ́ ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Northern Pacific ń ta ilẹ̀, ó ń fi ilẹ̀ háyà, ó wá fi sínú àdéhùn pé ọkọ̀ ojú irin òun ni kí wọ́n máa fi kó ohun tó bá ti orí ilẹ̀ náà jáde. Lọ́dún 1958, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ó rú òfin Sherman ti ọdún 1890, òfin tó lòdì sí dídí àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ láti bára wọn díje. Ṣùgbọ́n ẹni tó lágbára lórí ọjà ni òfin yẹn sábà máa ń mú. Ajẹ́ńtì kékeré lè yọ́ bọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí RESPA fi ṣe pàtàkì sí mi.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú o. Ajẹ́ńtì lè dámọ̀ràn ẹni tó mọ̀. Ẹ̀dínwó tòótọ́ kò lòdì sófin, bí kò bá jẹ́ dandan tí wọn kò sì fi owó kún ibòmíì láti fi gba ẹ̀dínwó náà padà. Ayánilówó náà lè yan ẹni tó máa díye lé ilé fún un.

Bí wọ́n bá ní dandan ni, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ lè fi ẹjọ́ sun CFPB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ bá máa gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ fúnra yín lórí abala 8 tàbí 9, ọdún 1 péré ni òfin fún yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti rú u.