Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó ra ẹ̀rọ agbẹ́gi lọ́wọ́ wa: ihò ọpọ́n ayò tí kò rí róbótó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, ẹ sì kú iṣẹ́. Mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa lálẹ́ àná, mo tún kà á láàárọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ń gbẹ́ ihò ọpọ́n ayò bí ẹyin adìyẹ. Ẹ ní pàǹtírí ẹ̀rọ fọtokọ́pì la kó jọ tà fún yín. Ẹ ní a gba ₦40,000 lórí sọ́fítíwìà tí ọmọ yín rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé kọ̀ǹpútà tí a fi tì í ti dàgbà ju ọmọ náà lọ. Gbangba lẹ ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo fẹ́ dáhùn sí, torí àwọn mìíràn wà ní Ìbàdàn yìí tí wọ́n ń ronú àtira irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ̀bi wa wà, kí wọ́n sì mọ ibi tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ ihò ni màá kọ́kọ́ mú, òun ló dùn mí jù. Ẹ̀bi wa ni.

Fọ́tò mẹ́ta tí ẹ fi sí i ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ojú igi ọ̀gànwó náà kedere. Nínú ihò méjèèjìlá, àmì kékeré kan wà lókè bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá kọsẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Bó ṣe rí nínú ihò kìíní náà ló rí nínú ìkejìlá. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ni mótò ẹ̀rọ yìí fi ń yí. Ká ní mótò ló ń fo ìgbésẹ̀ ni, ihò tó gbẹ̀yìn ìbá ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà, nítorí ìgbésẹ̀ tó bá sọnù kì í padà, orí ara wọn ni wọ́n ń gùn. Ìlà ihò tiyín gún régé. Mótò kọ́, sọ́fítíwìà kọ́. Nọ́ọ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Skúrúù gígùn kan ló ń ti tábìlì ẹ̀rọ síwájú tó sì ń fà á padà, nọ́ọ̀tì idẹ tó wà lábẹ́ tábìlì ló sì gbá skúrúù yẹn mú. Bí eyín nọ́ọ̀tì bá ti jẹ, àyè á wà láàárín òun àti skúrúù. Nígbà tí tábìlì bá ń lọ sápá kan, ẹ ò ní mọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ yíjú padà ni skúrúù á kọ́kọ́ yí lásán nínú àyè yẹn kí tábìlì tó gbéra. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ dẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń wí: ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ òfìfo. Backlash ni àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Tí bíìtì, ìyẹn ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà, bá ń gbẹ́ ihò róbótó, òkè àti ìsàlẹ̀ ni apá Y, èyí tó ń lọ sókè sísàlẹ̀, ti máa ń yíjú, ibẹ̀ gan-an sì ni àmì náà wà. Ẹ̀yin fúnra yín ti fi kálípà wọ̀n ọ́n: 60 mm ní ìbú, 59.2 mm ní òró. 0.8 mm tó dín yẹn, inú nọ́ọ̀tì ló wà.

Báwo ló ṣe kúrò lọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀? Skúrúù apá X, èyí tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, tuntun ni. Ti apá Y, ara ẹ̀rọ àtijọ́ kan la ti yọ ọ́, tòun ti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo yí skúrúù náà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kò wọ́ níbì kankan, mo sì gbà á. Nọ́ọ̀tì ni mi ò wọ̀n. Wíwọ̀n rẹ̀ kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: ẹ ó gbé aago ìwọ̀n tó ń fi 0.01 mm hàn ti tábìlì, ẹ ó ní kó lọ 1 mm, kó padà 1 mm, ẹ ó wo ibi tí ọwọ́ aago dúró sí. Ọjọ́ Jímọ̀ tí a ń di ẹrù yín, a ti fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí àdéhùn, awakọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bá ní kó máa gbé e lọ. Ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, kì í ṣe ẹnu ọmọ iṣẹ́ kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Igi ọ̀gànwó tó ṣòfò, èmi ni màá san owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pàǹtírí yẹn, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á fún yín. A kọ ọ́ sójú ìwé ọjà wa pé àlòkù wà nínú rẹ̀, a sì dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe fọtokọ́pì ní Agbowó, níwájú Yunifásítì, la ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti kú. Ẹ̀rọ fọtokọ́pì kì í sábà kú nítorí mótò. Ibi tó ti ń yan ìwé tàbí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́, owó àtiṣe é á sì ju owó òmíràn lọ. Mótò stepper inú rẹ̀, irú mótò tó ń fi ìgbésẹ̀ yí, á ṣì le koko. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń dán an wò kí n tó sanwó. Màá fi ìka méjì yí ọ̀pá rẹ̀, á yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Màá wá lọ́ orí wáyà méjì tó jẹ́ ti kọ́ìlì kan náà pọ̀, màá tún yí i. Bí kọ́ìlì bá dára, ọ̀pá á le mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì, á máa ta kò mí. Bí kò bá le, a ò ní rà á.

Ìgbésẹ̀ 200 ni irú mótò yẹn ń gbé kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn díghírì 1.8 fún ìgbésẹ̀ kan. Dúráfà tó ń darí rẹ̀ pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, ó di 3,200. Skúrúù yín ń gbé tábìlì lọ 8 mm ní ìyípo kan, nítorí náà 400 ìgbésẹ̀ ló wà nínú 1 mm. Kò sí bí ojú ènìyàn ṣe lè rí irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára igi. Mótò tí ẹ pè ní pàǹtírí ló ń ṣe é lójoojúmọ́, ó sì ṣe é dáadáa nínú iṣẹ́ yín náà.

Ti kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ó tóbi, kò sì wu ojú. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ̀ láyé àtijọ́, tó ní ojú 25, ni mo tìtorí rẹ̀ rà á. Ibẹ̀ ni LinuxCNC, sọ́fítíwìà tó ń darí ẹ̀rọ yín, ń gbà bá mótò sọ̀rọ̀, ìró iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dé lásìkò. Láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní ihò yẹn, bó tilẹ̀ ní in, ó máa ń dá dúró díẹ̀díẹ̀ láti ṣọ́ bátìrì àti ooru ara rẹ̀, bí ìró kan bá sì pẹ́, mótò á ta gìrì. Mo fi kọ̀ǹpútà yín sórí latency-test, ìdánwò tó ń wọn bí ìró ṣe lè pẹ́ tó, láti alẹ́ mọ́jú, kò kọjá nanosecond 14,000 (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Ìwé LinuxCNC fúnra rẹ̀ ka ohun tí kò bá tó 15,000 sí 20,000 sí èyí tó dára púpọ̀. Láptọ́ọ̀pù tèmi, tó kéré lọ́jọ́ orí sí i gan-an, kọjá 200,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Windows pa á rẹ́.

Ní ti ₦40,000, òótọ́ lọmọ yín sọ. Ọ̀fẹ́ ni LinuxCNC. NIST, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, EMC lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, kó wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta òmìnira yẹn fún ẹnikẹ́ni. Owó ọjọ́ méjì tí mo fi to ẹ̀rọ yín, àti ọ̀sán tí mo fi kọ́ ọmọ yín, ni mo gbà. Ṣùgbọ́n “Software” la kọ sórí rìsíìtì, kò sì yẹ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ti yí i padà sí “owó ìtò àti ìkọ́ni”. Ẹni tó bá lè to tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní san án.

Iná tó lọ láàárín iṣẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà, a ó fi swíìṣì kékeré sí ìpẹ̀kun apá kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ lè tún mọ ilé rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, bí iná bá dé. A ò ní gba owó lórí ìyẹn.

Bí iṣẹ́ kánjúkánjú bá wà lọ́wọ́ yín kí n tó dé, LinuxCNC ní àyè kan nínú fáìlì INI, fáìlì tí a kọ ètò ẹ̀rọ sí, BACKLASH lórúkọ rẹ̀, tí a lè kọ 0.8 sí lábẹ́ JOINT_1, ìyẹn apá Y. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín pè mí kó tó fọwọ́ kàn án, torí STEPGEN_MAXACCEL, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbésẹ̀ mótò ṣe lè yára gbéra tó, gbọ́dọ̀ ga sí i pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má sì gbára lé e: àyè ṣì wà nínú nọ́ọ̀tì, bí bíìtì bá pàdé igi líle, ó lè fa tábìlì lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bíìtì wọlé jìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀tì tí mò ń gbé bọ̀, méjì ni nínú ọ̀kan, sípíríǹgì wà láàárín wọn tó ń tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kí eyín wọn má bàa fi àyè sílẹ̀. Sátidé yìí ni mò ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, tèmi ti aago ìwọ̀n. Ẹ bá mi wá pákó ọ̀gànwó méjì sílẹ̀ ní Bódìjà, ẹ fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. A ó jọ gbẹ́ ọpọ́n méjì lójú yín, ẹ ó fi kálípà yín wọn ihò 24 náà ní ìbú àti ní òró, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ju 0.1 mm yàtọ̀.