Fìlọ́ jẹ iyán tán ní Arákàlẹ̀

Búkà Mama Oníyán, Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́, ọ̀sán gangan. Ẹ mọ irú ọmọ yìí, ó ka lójíìkì, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àròjiyàn, ní sẹ̀mẹ́sítà kan péré, àdúgbò ò rí oorun sùn mọ́. Ó ti jẹun tán, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

MAMA: Fìlọ́, owó mi dà? Iyán méjì, ẹran ìgbẹ́ kan, 3,500 náírà.

FÌLỌ́: Mama, ẹ jẹ́ ká fi lójíìkì wò ó. Prẹ́mísì kìíní, ìyẹn ọ̀rọ̀ tá a fi ṣe ìpìlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá jẹ iyán yín ló máa ń yó. Àbí mo parọ́?

MAMA: Rárá o! Ta ló jẹ ẹ́ rí tí ò yó?

FÌLỌ́: Prẹ́mísì kejì, èmi ò yó. Konkilúṣọ̀n, ibi tọ́rọ̀ já sí, mi ò jẹ iyán yín. Modus tollens nìyẹn o, tí àbájáde ò bá ti sí, ohun tó ń fà á náà ò sí, kò ṣeé já.

MAMA: Uyán mi! (Tínú bá ti bí i, Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ló ń sọ.) Egungun tó wà níwájú ẹ yìí ńkọ́?

FÌLỌ́: Egungun ò sí nínú prẹ́mísì.

BỌ̀DÁ ỌLỌ́KADÀ (ó ń lá ọbẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́): Mama, ọ̀rọ̀ yẹn tò o, àmọ́ irọ́ ló fi tò ó. Ẹ wo bọ́tìnì ìdí ikùn ẹ̀, ó ti já.

MAMA: Ẹ ṣé. Ó dáa, èmi náà á ṣe tèmi. Olè tó bá jẹ mí ní gbèsè, tó bá rí mi á sá. Ní Wẹ́sìdeè o rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, o sá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń dirun, ìwọ tó o fá orí kodoro. Olè ni ẹ́.

FÌLỌ́: Fálásì! Àṣìrò ńlá nìyẹn! Mama, gbogbo ewúrẹ́ ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé yìí náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ṣé bẹ́ǹṣì wá di ewúrẹ́ ni?

MAMA: Bẹ́ǹṣì ò jẹ iyán méjì.

(Búkà dàrú fún ẹ̀rín. Ká ní èmi ni Fìlọ́, ibí yìí ni mi ò bá ti sanwó. Kò sanwó.)

MAMA: Orí róbótó bí ọmọ odó!

FÌLỌ́: Ad hominem! Ẹ̀ ń bú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀.

MAMA: Mi ò tíì débi ọ̀rọ̀ ẹ. Èébú ni mo ṣì wà.

FÌLỌ́: Aristotle tó to ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Gíríìsì láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún...

MAMA: Ṣé òun ló máa san án? Pè é kó wá.

FÌLỌ́: Ó ti kú, Mama.

MAMA: Ẹ gbọ́ o, oníyán tiẹ̀ náà ò rówó gbà.

FÌLỌ́: Gbogbo èèyàn ló máa kú, Mama. Èèyàn ni Socrates, torí náà...

BỌ̀DÁ ỌLỌ́KADÀ: Socrates, ọlọ́gbọ́n Gíríìsì tí wọ́n fún ní májèlé mu yẹn?

MAMA: Yé! Torí iyán?

BỌ̀DÁ ỌLỌ́KADÀ: Torí ẹnu, Mama.

FÌLỌ́: Bọ̀dá, níbo lẹ ti mọ Socrates?

BỌ̀DÁ ỌLỌ́KADÀ: Fìlọ́sọ́fì lèmi náà kà jáde, 2014, mo tún ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣó o rí ọ̀kadà pupa tó wà níta yẹn? Konkilúṣọ̀n nìyẹn.

(Kẹ́kẹ́ pa mọ́ Fìlọ́ lẹ́nu. Ó wo ọ̀kadà náà, ó wo àwo, ó tún wo ọ̀kadà.)

MAMA: Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ n bá ẹ parí ẹ̀. Pirẹmísì kìíní, àwo ogójì ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn yẹn. Pirẹmísì kejì, o ò lówó.

FÌLỌ́: ...Mama, kànrìnkàn dà?