Tòlótòló organic, tòlótòló àgíríìkì: ẹran kan náà lẹ̀ ń jẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ju ohùn kan sórí WhatsApp àdúgbò wa níbí ní Ìkòròdú. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fún un ní tòlótòló àgíríìkì jẹ. Ó ní abẹ́rẹ́ họ́mónù ni wọ́n fi ń wú u, ó ní òun ló ń mú kí ọmọbìnrin tètè yọ ọyàn, ó ní organic, ìyẹn èyí tí wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà sìn, nìkan ni ká máa rà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹnì kan dáhùn pé òun ní in, ó sì dá iye lé e, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Sábó.

Èmi ń sin tòlótòló. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ariwo organic yìí ti ń wá, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fún adìẹ tàbí tòlótòló ní họ́mónù, ì báà jẹ́ organic, ì báà má jẹ́ organic. Kódà, tí ilé iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ẹran tòun kò ní họ́mónù, dandan ni kó kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé ìjọba ti fòfin de họ́mónù fún gbogbo ẹran abìyẹ́. Láyé àtijọ́, oògùn họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ DES tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àkùkọ adìẹ níbẹ̀. Ọdún 1959 ni wọ́n ti fòfin dè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a ṣì ń gbé e kiri.

Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan fẹ́ rú òfin, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Họ́mónù tó ń mú ara dàgbà, purotéènì ni. Tí ẹ bá pò ó mọ́ fíìdì, inú ẹran náà yóò lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ sóyà inú fíìdì yẹn gan-an, kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ wo àwọn tó ní àtọ̀gbẹ: ká ní insulin ṣeé gbé mì ni, ta ni ì bá máa gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ fi họ́mónù wú tòlótòló, àfi kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa gún wọn léraléra títí wọn yóò fi tó pa. Ẹ mú akọ tòlótòló tó ti gbó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ná, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn rí i tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, wọ́n rí i. Aládùúgbò mi kan dúró ní etí ọgbà mi, ó rí mi tí mò ń gún tòlótòló ní itan, ó wá ń sọ kiri pé nítorí kí itan lè tóbi ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni! Àrùn kan wà tó máa ń yọ kókó sí ẹran abìyẹ́ lójú àti lórí. Tó bá jẹ́ adìẹ, awọ apá la máa ń gún. Tòlótòló ní tiẹ̀ máa ń ki orí bọ abẹ́ apá tó bá ń sùn, ojú abẹ́rẹ́ náà sì lè kó ran ojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ itan. Àjẹsára lúkúlúkú náà wà, èyí tó jẹ́ pé tí kò bá sí, ọgbà lè ṣófo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òfin organic Amẹ́ríkà pàápàá fàyè gba àjẹsára.

Ohun tó mú tòlótòló tóbi ni ìran rẹ̀. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n tọ́jú ìran adìẹ ọdún 1957 àti ti 1978 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ ìran ti 2005, wọ́n fún gbogbo wọn ní fíìdì kan náà, wọ́n sì wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gọ́ta. Ti 1957 jẹ́ gíráàmù 905. Ti 1978 jẹ́ 1,808. Ti 2005 jẹ́ 4,202. Oúnjẹ kan náà, láìsí abẹ́rẹ́ họ́mónù. Ẹni bá ka èyí tán tó ṣì ń pariwo họ́mónù, n kò mọ ohun tó tún kù tí mo lè fi hàn án. Tòlótòló náà ò yàtọ̀. Ní 1960, ìpíndọ́gba ìwọ̀n tòlótòló tí wọ́n ń pa ní Amẹ́ríkà jẹ́ bíi kílò méje, lónìí ó ti kọjá kílò mẹ́tàlá. Àwọn tó tóbi jù ni wọ́n ń ṣà láti fi bímọ, ìran dé ìran, títí àyà tòlótòló funfun yẹn fi fẹ̀ débi pé akọ kò lè gun abo dáadáa mọ́. Èèyàn ló ń gba àtọ̀ rẹ̀ tó ń fi sí abo lára.

Ìran funfun kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ organic ń sìn. Ohun tí òfin wọn ní kí wọ́n ṣe ni pé láti ọjọ́ kejì tó bá ti jáde nínú ẹyin, fíìdì organic nìkan ni kó máa jẹ, kí wọ́n má fún un ní oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic), kó sì máa rí àyè jáde síta. Kò sọ pé kí ìran rẹ̀ yàtọ̀.

Adùn ńkọ́? Wọ́n ní ti organic gbó lẹ́nu. Èyí tó ń rìn kiri ní Ìgbógbó àti Ìjẹ̀dé ti dàgbà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìyẹn ló ń mú ẹran le. Mo ti pa àwọn tí wọ́n jọ jáde nínú ẹyin lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ jẹ fíìdì kan náà: èyí tí mo fi sílẹ̀ di Kérésìmesì kejì le ju àwọn yòókù lọ. Èyí tó ń jẹ kiri lójú gọ́tà kì í tiẹ̀ ṣe organic rárá, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ.

Ti ọyàn ọmọbìnrin yẹn, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Họ́mónù tí wọn kò fún ẹran kò lè ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford yẹ ìwádìí tó lé ní igba wò ní 2012, wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára pé oúnjẹ organic ṣara lóore ju èyí tí kì í ṣe organic lọ. Ohun kan tí mo gbà ni pé wọ́n rí i pé kòkòrò àrùn tí oògùn kò ràn mọ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú adìẹ organic. Àwa àgbẹ̀ kan ń da oògùn apakòkòrò sómi láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran, kò sì dáa.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ìlọ́po owó lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé ta ló fún un níwèé ẹ̀rí organic, ibo ni àgbàdo inú fíìdì rẹ̀ ti wá, àti ọjọ́ wo ló lo oògùn fún wọn kẹ́yìn. Ẹ bi ẹni tó ń ta àgíríìkì náà ní ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, torí oògùn ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí á tó pa ẹran, a sì máa ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.