Owó Ìlú Ni Kí Wọ́n Fi Dá Ilé Ẹ̀kọ́ Omi Ìdọ̀tí Sílẹ̀

Ẹni tó wẹ̀, tó fọ aṣọ, tó sì fi omi ṣan ìgbọ̀nsẹ̀ lọ láàárọ̀ kì í sábà bèèrè ibi tí omi náà gbà lọ. Níbi tí kò bá ti sí páìpù ìjọba tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ, abẹ́ ilẹ̀ àgbàlá ló ń lọ. Táńkì ló kọ́kọ́ ń gbà á: ọ̀rá á léfòó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, omi àárín á ṣàn bọ́ sínú sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ti ń rìn wọ ilẹ̀, kí ilẹ̀ tó bá wa sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tálákà nìkan kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ilé tó ń lo irú táńkì yìí tó nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún.

Iṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìjọba fi owó ìlú dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ táńkì àti sọ́kàwéè. Kí èèyàn tó gbẹ́ sọ́kàwéè, ó yẹ kó gbẹ́ ihò kékeré, kó da omi sí i títí ilẹ̀ yóò fi mu ún yó, kó wá wo aago bí omi ṣe ń fà. Bó bá yára jù, kòkòrò àrùn á bá a wọ omi kànga. Bí kò bá fà, yóò tú padà sí àgbàlá. Mélòó nínú àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ló ti wọn ilẹ̀ báyìí rí? Ẹ̀yìn ọ̀gá tí òun náà kò wọ̀n ọ́n rí ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́.

Àìmọ̀ yìí ń pa èèyàn. Afẹ́fẹ́ olóró inú táńkì máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó wọlé á ṣubú. Ẹni tó sáré wọlé lọ gbé e á ṣubú lé e lórí.

Àwọn kan ní kí oníkálukú gbọ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, onílé ló ni owó táńkì. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní London lọ́dún 1854, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé kan ṣoṣo ló jò sínú kànga Broad Street. Onígbáméjì pa èèyàn tó ju 600 lọ ládùúgbò náà.

Bó bá jẹ́ owó akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n fẹ́ fi gbé ilé ẹ̀kọ́ náà ró, ilé iṣẹ́ ńláńlá ni yóò rán èèyàn wá. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì ara rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ kò ní débẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la ń wá. Àgbàlá ńlá la fẹ́, tí wọ́n gbé oríṣiríṣi táńkì sórí ilẹ̀, tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ wọn kí ojú lè rí inú. Kí onílé náà wá lọ́fẹ̀ẹ́, kó ki ọ̀pá bọ táńkì, kó rí ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé lára ọ̀pá, kó sì mọ̀ pé láàárín ọdún 3 sí 5 ló yẹ kí wọ́n máa fa tirẹ̀.

A ti rí ilé tí ìjọba kọ́ tán tí kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin kọ owó oṣù olùkọ́ sínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ ọ́ kí wọ́n tó kọ owó bíríkì.