Òfin ò sọ pé káńsù lèèyàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, bọ̀dá tó kọ ọ́ pé ẹni tí ò bá tíì ṣe káńsẹ́lọ̀ tàbí alága káńsù rí ò lè ṣe ọnọ́rébù nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń bèèrè ò ju kéèyàn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, 2018 ni wọ́n dín in kù), kó kàwé mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Káńsù dáa lóòótọ́, ẹni tó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ á mọ ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ní wọ́ọ̀dù ẹ̀. Olóògbé Alao-Akala gan-an ṣe alága káńsù Ogbomoso North kó tó di dẹ́pútì gómìnà Ọ̀yọ́ ní 2003. Àmọ́ ẹ má fi lé àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn.