Èsì wa sí ìràwọ̀ kan péré tí oníbàárà kan fún ṣọ́ọ̀bù wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe

Ọ̀gá wa, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ẹ ní ọmọ iṣẹ́ wa "kàn tẹ máòsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá" gba ₦8,000, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni kọ̀ǹpútà náà fi gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó kù díẹ̀ tí ẹ ò kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ gbé e dé pé kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pẹ̀lú wáyà LAN (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tuntun àti dongle Wi-Fi (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wi-Fi) tuntun tí ẹ rà níbòmíì. Owó yẹn ṣòfò. Iná ẹnu ihò LAN ń ṣẹ́jú, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà nínú Device Manager, níbi tí Windows ti ń to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, láìsí àmì ìkìlọ̀ yẹ́lò kankan. Ọmọ wa ṣí services.msc, ibi tí àwọn service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú Windows) wà, ó ní kí DHCP Client, èyí tó ń gba àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún kọ̀ǹpútà, gbéra, ó bá Error 1068 pàdé: service tó gbára lé kò dìde. Ó wo abẹ́ Dependencies, àkójọ ohun tí service gbára lé, ó rí Network Store Interface Service, wọ́n ti pa á, Disabled gbalaja! WLAN AutoConfig, service tó ń darí Wi-Fi, náà ń gba ọ̀dọ̀ Windows Connection Manager gbára lé e, ìdí nìyẹn tí dongle yín fi ń wò bọ̀ọ̀. Bí ẹ tẹ Start lórí DHCP Client nígbà ọgọ́rùn-ún, 1068 náà ni, àfi kí ẹ kọ́kọ́ dá ti ìsàlẹ̀ padà sí Automatic. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ẹlòmíì ì bá fọ́máàtì rẹ̀, kí fáìlì yín sì bá a lọ.

Ta ló pa service náà? App booster "tó ń mú kọ̀ǹpútà sáré" tí ẹ gbé wọlé ni. Ọmọ wa ní kí òun yọ ọ́, ẹ ní ẹ ti san owó ọdún kan. Ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, ẹ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ tún gbé e dé: booster yẹn náà, Disabled yẹn náà. A tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò rántí kọ ìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń kà á, bó bá jẹ́ 1058 lẹ rí, service tí ẹ ń tẹ̀ gan-an ni wọ́n pa. Bó bá jẹ́ 1068, ẹ wo Dependencies kí ẹ tó ra wáyà.

Ọ̀gá wa, a ó dá ₦8,000 yín padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà ká yọ booster yẹn. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ mú ₦8,000 míì dání bí ẹ bá ń bọ̀.